Ilé Àwòṣífìlà àti Ohùn Aráàlú: Ìtàn Ilé Gíga ní Èkó àti Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ nípa ilé gíga ní ilẹ̀ Yorùbá ti pẹ́ ju ilé tí a fi irin àti sìmẹ́ǹtì gbé sókè lọ, nítorí pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé àjà kan lé òmíràn ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé bí òrùlé ẹnì kan bá yọrí ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, ipò onítọ̀hún ni òrùlé náà ń kéde. Nígbà tí ilé àwòṣífìlà, ìyẹn ilé tó ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ rí téńté rẹ̀ yóò gbójú sókè títí fìlà yóò fi ṣí lórí rẹ̀, wá dé sí Èkó àti Ìbàdàn ní àárín ọ̀rúndún ogún, ojú tí àwọn aráàlú fi wò ó kì í ṣe ojú àjèjì rárá. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí bóyá ó rẹwà tàbí kò rẹwà, bẹ́ẹ̀ ni gíga rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilẹ̀ ta ni ó jókòó lé, ibo sì ni àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ wà báyìí. Ẹni tó bá ka ìtàn àwọn ilé wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọgbọ́n ìkọ́lé nìkan yóò kàn rí òkúta àti irin ni, nítorí inú ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí ni ìfẹ́ tàbí ìkórìíra aráàlú sí ilé kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé ni àwọn Yorùbá ń gbé, ìyẹn ilé amọ̀ tí iyàrá rẹ̀ yí àgbàlá ká, tí òrùlé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ débi pé àlejò ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju ilé ilẹ̀ lọ. Ààfin ni òrùlé ti ń yọrí. Kọ̀bì, èyí tí í ṣe apá ilé tí wọ́n yọ síta tí wọ́n sì fi òrùlé tó ga tó sì ṣe ṣóńṣó bò, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì tí Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, fi ya ààfin ọba sọ́tọ̀ kúrò lára ilé àwọn yòókù. Ìjòyè lè ní àgbàlá púpọ̀, ó lè ní ìyàwó, ìwọ̀fà àti ẹṣin, ṣùgbọ́n bí òrùlé rẹ̀ bá fẹ́ bá ti ọba dọ́gba, ọ̀rọ̀ di ti ìlú. Gíga ilé nígbà náà kò sí lábẹ́ agbára owó. Ìlú ló ń fúnni, ìlú ló sì lè gbà á padà.

Ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní etí òkun. Ilé tí wọ́n máa ń kà sí ilé alájà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà ni èyí tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé, fi iṣẹ́ bíríkì, ọ̀nà orí ògiri àti fèrèsé alákọrọ tí wọ́n ti kọ́ lókè òkun sọ Pópó Àgùdà ní Èkó di àdúgbò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọwọ́ wọn náà ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, èyí tó fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò mọ sí àárín àwọn onígbàgbọ́ nìkan. Láti ìgbà yìí ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di ohun tí oníṣòwò lè fi owó ara rẹ̀ rà láìgba àṣẹ ọba, tí ẹni tí kò ní oyè kankan sì lè dúró lókè ilé rẹ̀ kí ó máa wo orí òrùlé ìjòyè.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó gba àyípadà yìí pẹ̀lú ìdùnnú. Ní Ìbàdàn, níbi tí àgbà ìjòyè ti máa ń ní ọmọ ogun àti àlejò tí ń jẹun lójúlé rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn olówó tuntun tí òwò kòkó, aṣọ àti ọkọ̀ akẹ́rù gbé dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún dé pẹ̀lú ilé sìmẹ́ǹtì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Sàlámì Àgbàjé ti Ayéyé, oníṣòwò tó di Ọ̀tún Balógun, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú irú ìgbésí ayé yìí. Nígbà tí àwọn ìjòyè àti ẹgbẹ́ kan ní ìlú kọ ìwé ẹ̀sùn sí i ní 1949, tí wọn kò fẹ́ kí ó di Olúbàdàn, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń sọ kiri ni pé ọrọ̀ rẹ̀ kò kan ẹlòmíràn lára. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Butcher ṣe alága fún ní 1951 kò rí ẹ̀rí tó lè gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn náà dúró, síbẹ̀ ìmọ̀lára tó wà lábẹ́ wọn kò parẹ́: bí ẹnì kan bá ga ju ìlú lọ, ó yẹ kí ìlú rí ibi tí òun náà lè fara tì lára gíga náà. Ìmọ̀lára yìí kan náà ni yóò padà wá nígbà tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá bá gba ipò àwọn olówó ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú rí i bí ìlú ṣe lè wó kí ilé gíga tó dìde. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928, tí a mọ orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú sí LEDB, láti tún ìlú Èkó ṣe, láti la títì, kí ó sì wó ibi tí wọ́n bá kà sí ilé jákujàku. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nígbà tí òmìnira ti ń sún mọ́, tí àwọn mínísítà sì ń sọ pé kò yẹ kí olú-ìlú orílẹ̀-èdè tuntun ní irú àárín ìlú bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 70 éékà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní àárín Èkó láti wó, kí wọ́n sì tún un pín sí ilẹ̀ títóbi tí ilé ìtajà, báńkì àti ọ́fíìsì alájà púpọ̀ lè gbà. Wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ sí Sùúrùlérè, níbi tí ilé tuntun ti ń dúró dè wọ́n.

Lójú ìjọba, ìmọ́tótó àti ọ̀làjú ni èyí, kò sì yẹ kí a sọ pé irọ́ pátápátá ni, nítorí pé ẹrẹ̀, èéfín àti iyàrá tí ènìyàn mẹ́wàá ń sùn sí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará àdúgbò náà sọ yàtọ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Peter Marris, olùwádìí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àti ní Sùúrùlérè, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé owó ọkọ̀ ń jẹ èrè obìnrin oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ kù sí Ìsàlẹ̀ Èkó, pé àgbàlagbà tí ẹbí máa ń bojú tó lágboolé wá ń dá gbé, àti pé mọ̀lẹ́bí tó ń pàdé lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wá ara wọn. Ilẹ̀ ẹbí tún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè tà á, pé àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí pàápàá ní ìpín níbẹ̀; owó gbà-má-bínú tí ìjọba ń san kò mọ bí a ṣe ń pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n ṣe ìwọ́de, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sì gbé ọ̀rọ̀ náà rù gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà. Onílẹ̀ lè ra ilẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un pín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní agbára owó rẹ̀, kò tún ní agbára láti kọ́ irú ilé gíga tí òfin tuntun ń béèrè. Nígbà tí ilé ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní Broad Street àti ní Marina, tí àwọn ará Èkó àtijọ́ ń pè ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, ẹni tó bá dúró ní Sùúrùlérè kò rí ìdàgbàsókè nìkan nínú wọn.

Inú irú ìlú yìí ni Ilé Òmìnira, tó ní àjà 25, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà 103, parí sí ní 1961 lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ẹṣin tó di gbàgede Tafawa Balewa lónìí. Wọ́n kọ́ ọ ní orúkọ òmìnira, ó sì wà nínú àwòrán tí àwọn ìwé ìròyìn fi ń polówó orílẹ̀-èdè tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gùn ún. Aráàlú ń wò ó láti ìsàlẹ̀.

Ilé Kòkó ní Ìbàdàn yàtọ̀, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sí ilé gíga kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ aráàlú lórí rẹ̀ lọ́rọ̀ tó báyìí. Ó parí ní 1965 ní Dùgbẹ̀, àdúgbò òwò tí ọkọ̀ ojú irin tó wọ Ìbàdàn ní 1901 àti àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó tẹ̀lé e sọ di ọjà ńlá. Mítà 105 ni gíga rẹ̀, tó fi mítà méjì ga ju Ilé Òmìnira ti Èkó lọ, èyí tí kò ṣàì dùn mọ́ àwọn ará Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nínú. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni Ilé Àwọn Àgbẹ̀, nítorí owó irè oko, pàápàá jù lọ kòkó, ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé ṣe pàtàkì. Láti ìgbà ogun àgbáyé kejì ni ìjọba ti gba ríra kòkó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tí wọ́n sì gbé e fún àjọ kan tí ń pinnu iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè kọ̀ọ̀kan. Ní 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba àjọ tirẹ̀. Bí iye kòkó lókè òkun bá ju iye tí wọ́n san fún àgbẹ̀ lọ, àjọ náà a fi èyí tó lé pamọ́, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò fi ti àgbẹ̀ lẹ́yìn lọ́dún tí ọjà bá bàjẹ́. Owó yìí ga bí òkè. Ara rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti 1955, nínú tẹlifíṣọ̀n WNTV ti 1959, nínú pápá ìṣeré Liberty ti 1960, àti nínú Ilé Kòkó. Ara rẹ̀ náà tún gba ibòmíràn lọ, débi tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker ní 1962 fi tú u fó bí owó àjọ ṣe ń wọ inú ilé-iṣẹ́ tí ń ra ilẹ̀ àti ilé, tó sì súnmọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè.

Nítorí náà, ohùn méjì ni àgbẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ nípa Ilé Kòkó, òótọ́ sì ni méjèèjì. Àgbẹ̀ láti Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì tó wá sí Ìbàdàn lè na ọwọ́ sí i kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kòkó àwọn ló dúró lọ́hùn-ún yẹn, ìgbéraga yẹn sì tọ́, nítorí pé òyìnbó kọ́ ló fún wọn, owó oṣù ìjọba kọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ yìí kan náà mọ̀ pé bí wọ́n bá ti san iye tí kòkó òun jẹ́ gan-an fún òun, páànù tó wà lórí ilé òun ì bá má jò. Lọ́dún 1965 tí ilé náà parí gan-an, iye kòkó lọ́jà àgbáyé wó lulẹ̀, àgbẹ̀ sì rí i pé ìpamọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún ọjọ́ búburú kò sí níbi tó yẹ kí ó wà. Ìbò oṣù kẹwàá ọdún náà dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní gbogbo ẹkùn, ọdún kejì rẹ̀ sì ni àwọn ológun gbàjọba.

Ní òpin 1968, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀ sára ilé tó ga jù ní ẹkùn náà, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn dìde. Ẹgbẹ́ wọn, Àgbẹ́kọ̀yà, tí Táfà Adéòyè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú rẹ̀, lòdì sí owó orí tó wúwo, sí ìwà àwọn agbowó orí, sí ọ̀nà oko tí kò ṣeé rìn àti sí iye kòkó tó kéré. Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n wọ́ lọ, ìyẹn ilé alọ́wọ̀n tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń pàṣẹ owó orí. Ilé Kòkó kọ́ ni wọ́n dojú kọ. A lè rò pé Mápó ni àṣẹ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ó tún ṣeé rò pé àwọn àgbẹ̀ náà kò ka ilé Dùgbẹ̀ sí ti ọ̀tá wọn. Ìṣòro wọn ni pé àwọn tó ń ṣàkóso ohun ìní wọn kò jíhìn fún wọn. Lẹ́yìn ìjà tó gba ẹ̀mí púpọ̀, tí wọ́n sì fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, ìjọba gbà láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ìyàtọ̀ láàárín ilé tí aráàlú kà sí tiwọn àti èyí tí wọn kò kà sí tiwọn hàn kedere nígbà tí iná jó méjì nínú wọn láàárín ọdún méjì. Ilé tó gba ipò Ilé Kòkó gẹ́gẹ́ bí èyí tó ga jù ní Nàìjíríà ni ilé àjà 32 ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ní Marina, tó parí ní 1979, tó ga tó nǹkan bí mítà 160, tí iná orí rẹ̀ sì ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà wọ èbúté Èkó. Ní oṣù kìíní 1983, iná jó o. Ọ̀rọ̀ tó gba ìgboro ni pé àwọn kan ló dáná sun ún láti pa ìwé owó tí wọ́n jẹ run, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe ìwọ́de. Bóyá ohun tí wọ́n sọ jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ òótọ́, ó fi hàn pé lójú wọn, ibi ìfarapamọ́ àwọn aláṣẹ ni ilé gíga ìjọba. Ní oṣù kìíní 1985, iná jó Ilé Kòkó. Ọdún méje ni ó fi wà láìṣeé lò kí wọ́n tó tún un ṣí ní 1992, ní gbogbo àkókò náà sì ni Dùgbẹ̀ kò jẹ́ orúkọ mìíràn ju ibi tí Ilé Kòkó wà. Ilé-iṣẹ́ Odù'a, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa bojú tó ohun ìní àjùmọ̀ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n yọ lára Ìwọ̀-Oòrùn, ló ni Ilé Kòkó, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dá a tà. Ní ọ̀nà yìí, ó jọ ilẹ̀ ẹbí ju ilé òwò lọ.

Láti ìgbà ọdún 1990 ni gíga Èkó ti ń ṣí kúrò ní erékùṣù àtijọ́ lọ sí Victoria Island, Ìkòyí àti Lẹ́kí, ìbéèrè ọdún 1955 sì tún dìde pẹ̀lú ìkà tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó Máròkó, àdúgbò àwọn tálákà tí wọ́n fojú bù pé ó gba nǹkan bí 300,000 ènìyàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní omi yóò bo ibẹ̀. Ilé àwọn olówó ló gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà, kò sì sí ẹni tó ní omi yóò bo àwọn wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn dí òkun níbi tí Bar Beach wà tẹ́lẹ̀ láti kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic, àwọn ará Òkun Alfa àti àwọn abúlé etí omi tó wà níhà ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kérora pé òkun ń wọ ilé wọn. Ẹni tó bá wo àwọn ilé tó ń tàn yanran lálẹ́ ní etí omi náà yẹ kí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń wó àtijọ́. Ilọjọ Bar, ilé Àgùdà alájà kan tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, ni wọ́n wó ní oṣù kẹsàn-án 2016. Àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn tó ń tọ́jú nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ké tantan, ṣùgbọ́n lójú ẹbí tó ni ilé, ilé tó ti fẹ́ wó pani ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ibi tí owó ń bẹ. Ó bani nínú jẹ́ pé kò sí ẹni tó fi owó ìtọ́jú sí ọwọ́ wọn ní gbogbo ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi ń pe ilé náà ní ìṣúra orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ̀bi wúwo ní ìhà méjèèjì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé àjà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Ọ̀rọ̀ ìgboro yí padà láti ọjọ́ náà. Ṣáájú, ẹni tó ń bá ilé gíga jà ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ àti nípa àwọn tí wọ́n lé. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí kò ní ilẹ̀ kankan ní Ìkòyí náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ń ka àjà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ pé àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, aláṣẹ mìíràn sọ pé 21 ni, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó. Ẹni tó ń kọ́ ilé náà kú sínú rẹ̀, àwọn oníbàárà àti àwọn tó wá bẹ ilé wò kú níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn òkú náà jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti lébìrà, tí mọ̀lẹ́bí wọn dúró lẹ́yìn ọgbà ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n ka orúkọ fún àwọn.